Bí Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì Ṣe Lè Mú Ohun Èlò Ìkọ́ni Láti Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Dé Inú Kíláàsì, Kí Ó Sì Pín In Fún Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé girama ni fóònù wọn kún fún ìwé àti fídíò tí wọ́n rí gbà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn olùkọ́, síbẹ̀ bí wọ́n bá dé iwájú kíláàsì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ṣọ́ọ̀kì àti pátákó nìkan ni wọ́n ń lò. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n. Ohun tí wọ́n kó jọ kò bá ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà mu, tàbí kò ṣí nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, tàbí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kò sọ ohun tí a ó fi í ṣe. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún olùkọ́ tí ó fẹ́ mú ohun èlò kan ṣoṣo dé inú kíláàsì, tí ó lò ó, tí ó sì fẹ́ fi í lé olùkọ́ mìíràn lọ́wọ́ débi pé onítọ̀hún kò ní pè é lórí fóònù kí ó tó mọ bí òun yóò ṣe lò ó.

Àpẹẹrẹ kan náà ni n óò lò títí dé òpin: ẹ̀kọ́ pendulum, ìyẹn irin tàbí òkúta tí a so mọ́ okùn tí ó ń fì síwá sẹ́yìn, fún kíláàsì físíìsì SS2. Mo yàn án nítorí pé ó wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ WAEC, kò sì béèrè láàbù kí a tó ṣe é.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ nílò fóònù Android kan tàbí kọ̀ǹpútà, dátà díẹ̀, ìlànà ẹ̀kọ́ WAEC fún iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́, ètò iṣẹ́ sáà ti ilé ìwé yín, àti olùkọ́ kan tí ó gbà láti bá yín dán ohun tí ẹ bá ṣe wò. Ẹni ìkẹyìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun gan-an ni kò sì ṣeé fò. Fún ẹ̀kọ́ pendulum, ẹ wá òwú ìránṣọ tí ó gùn tó mítà kan ààbọ̀, àgádágodo kékeré, téèpù tí télọ̀ fi ń wọnṣọ tàbí rúlà mítà kan, fóònù tí ó ní stopwatch, àti pépà gíráàfù.

Ìpele 1: Ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá sílẹ̀ kí ẹ tó tan dátà

Ẹni tí ó bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì láì mọ ohun tí ó ń wá yóò jáde pẹ̀lú ogún fáìlì tí kò ní lò. Ẹ ṣí ìlànà ẹ̀kọ́ WAEC, kí ẹ wá orí ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ sì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Tèmi nìyí: “Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè wọn àkókò tí pendulum fi fì nígbà 20 fún gígùn márùn-ún, yóò ya gíráàfù T² sí L, yóò sì fi ìdagẹ̀rẹ̀ gíráàfù náà ṣírò g.” T ni àkókò tí ìfì kan gbà, L ni gígùn pendulum náà, ìdagẹ̀rẹ̀ ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní slope, g sì ni bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú kí ohun tí ó ń já bọ́ máa yára sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ojú-ìwé ẹ̀kọ́ tí WAEC ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ń gbé ìròyìn àwọn ọ̀gá olùyẹ̀wò sí. Nínú ìròyìn wọ̀nyí ni ẹ óò ti rí ibi tí àwọn tí ó ṣe ìdánwò ti kọsẹ̀ nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ní tèmi, ìròyìn yìí wúlò ju ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni lọ, nítorí pé ó ń sọ fún yín ohun tí ohun èlò yín gbọ́dọ̀ wò sàn.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka gbólóhùn yín fún olùkọ́ tí kì í kọ́ sáyẹ́ǹsì. Bí ó bá lè sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí ọ̀rọ̀ bíi “yóò ní òye” tàbí “yóò mọ̀ nípa” bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ tún un kọ.

Ìpele 2: Ẹ wá a níbi tí ó wà

Fún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ yí padà lójú fóònù, ẹ kọ́kọ́ lọ sí PhET ti Yunifásítì Colorado Boulder ní Amẹ́ríkà, ní phet.colorado.edu. Ọ̀fẹ́ ni, èdè tí wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí pọ̀. Èyí tí a nílò níhìn-ín ń jẹ́ Pendulum Lab. Fún ìwé, Siyavula ti South Africa ní odidi ìwé físíìsì àti kẹ́mísìrì fún Grade 10 sí 12, CK-12 ní ti ilé ìwé girama ní Amẹ́ríkà, OpenStax ti Yunifásítì Rice náà sì wà, ṣùgbọ́n yunifásítì ni wọ́n kọ púpọ̀ nínú ìwé OpenStax fún, nítorí náà olùkọ́ ni kí ó kà á, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Àwòrán wà lọ́pọ̀ yanturu ní Wikimedia Commons.

Bí ẹ bá ń lo Google, ẹ má kàn kọ “physics” kí ẹ máa retí iṣẹ́ ìyanu. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀kọ́ náà gan-an ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi irú ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi filetype:pdf parí rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ìwé tí a lè tẹ̀ ni ẹ ń wá. Bí ó bá jẹ́ àwòrán, ẹ tẹ Tools, lẹ́yìn náà Usage rights, kí ẹ yan Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tí oníǹkan fi ń gba ẹlòmíràn láyè láti lo iṣẹ́ rẹ̀. Èyí yóò gbọn èyí tí ẹ kò ní àṣẹ láti lò dànù.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń fi orúkọ kíláàsì wọn wé ti ìlú òkèèrè. Grade 11 ti South Africa kì í ṣe SS2, bí ọjọ́ orí àwọn ọmọ tilẹ̀ sún mọ́ra. Orí ẹ̀kọ́ ni kí ẹ fi wá nǹkan, kì í ṣe orúkọ kíláàsì.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ kò gbọdọ̀ ní ju ohun mẹ́ta lọ lọ́wọ́. Ẹ fi gbólóhùn ìpele kìíní wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pa èyí tí kò bá a mu rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé ẹ óò tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ náà kì í dé.

Ìpele 3: Ẹ ka àṣẹ tí ó wà lára rẹ̀

Pé nǹkan jẹ́ ọ̀fẹ́ kò sọ pé a lè ṣe é bó ṣe wù wá. Ẹ yí ojú-ìwé náà lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá àmì Creative Commons àti lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e. BY ní kí ẹ dárúkọ ẹni tí ó ṣe é. NC ní kí ẹ má fi í pawó, ìyẹn ni pé ẹ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tà á fún akẹ́kọ̀ọ́ bí ìwé àfikún. SA ní kí ohun tí ẹ bá tún ṣe láti ara rẹ̀ ru irú àṣẹ kan náà. ND ni ó le jù fún olùkọ́: ẹ lè pín in bí ó ṣe wà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ pín èyí tí ẹ yí padà náà.

Ìwé Siyavula fi ìyàtọ̀ yìí hàn dáadáa. Ìwé kan náà jáde ní oríṣi méjì: èyí tí ó ru àmì àwọn onígbọ̀wọ́ wà lábẹ́ CC BY-ND, èyí tí kò ru àmì wọn wà lábẹ́ CC BY. Bí ẹ bá fẹ́ gé ojú-ìwé mẹ́ta jáde kí ẹ sì yí ìbéèrè inú rẹ̀ padà, oríṣi kejì ni kí ẹ mú.

Bí ẹ kò bá rí àmì kankan, ẹ gbà pé oníǹkan ṣì ni ó ni gbogbo ẹ̀tọ́. Ìwé kíkà tí ẹnì kan fi fóònù ya láti ojú-ìwé kìíní dé ìkẹyìn, tí ó sì jù sínú ẹgbẹ́ WhatsApp, kì í ṣe ohun èlò ọ̀fẹ́, ì báà jẹ́ pé ìgbà ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ti fi í ránṣẹ́. Ẹ lè ka tiyín, kí ẹ kọ́ nǹkan nínú rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín kọ nóòtì. Ẹ má pín fáìlì náà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ kọ ìlà kan tí ó ní orúkọ ohun èlò náà, ẹni tí ó ṣe é, línkì rẹ̀, àti lẹ́tà àṣẹ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí bá ṣófo, ìpele yìí kò tíì parí.

Ìpele 4: Ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì dán an wò láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Èmi fúnra mi ti jẹ̀bi èyí rí. Mo tọ́jú línkì, mo rò pé fáìlì ni mo tọ́jú, mo kó akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní ogójì jọ yí kọ̀ǹpútà kan ká, àmì tí ń yí bìrìpó lójú rẹ̀ ni a sì jọ wò títí aago fi lù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní òfin kan: ohun tí kò bá ṣí nígbà tí mo pa dátà, kò sí lọ́wọ́ mi.

Lójú-ìwé Pendulum Lab, ẹ tẹ àmì ìgbàsílẹ̀ tí ọfà rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ parí sí .html ni yóò wọlé, ó sì kéré púpọ̀ sí fídíò. Ẹ pa dátà àti Wi-Fi, kí ẹ ṣí i pẹ̀lú Chrome. Àwọn fóònù kan máa ń fi ohun èlò mìíràn tí kò lè mú un ṣiṣẹ́ ṣí i, ojú rẹ̀ yóò sì funfun báláú. Ẹ má rò pé fáìlì ló bàjẹ́, ẹ padà sínú àpò fáìlì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì yan Chrome fúnra yín.

Ilé ìwé tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́wàá lè fi Kolibri, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ń tọ́jú ẹ̀kọ́, sórí ọ̀kan nínú wọn, kí àwọn yòókù máa gba ẹ̀kọ́ láti ara rẹ̀ nípasẹ̀ Wi-Fi inú ilé ìwé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó ní fóònù kan ṣoṣo kò nílò rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Pẹ̀lú dátà ní pípa, ẹ gbé fáìlì náà lọ sórí fóònù ẹlòmíràn nípasẹ̀ Bluetooth tàbí Quick Share, kí ẹ sì ṣí i níbẹ̀. Tiyín nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ìpele 5: Ẹ mú un bá kíláàsì yín mu

Níbí ni iṣẹ́ wà. Ohun èlò tí a ṣe fún ọmọ ilé ìwé ní Colorado kò mọ ìdánwò tí ọmọ tiyín ń lọ ṣe, ẹ̀yin ni ẹ gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òǹkà àti ìwọ̀n. Ìwé òkèèrè máa ń fi g sí 9.8, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè WAEC sábà máa ń ní kí a lo 10 m s⁻². Ẹ ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ibi ìṣírò ni 10 ti wúlò. Ohun tí ó bá rí láti inú pendulum tirẹ̀ ni kí ó kọ, ì báà jẹ́ 9.6. Àwọn tí ń kọ́ kẹ́mísìrì ní irú wàhálà yìí pẹ̀lú: ìwé Amẹ́ríkà ń kọ M àti lítà, WAEC ń fẹ́ mol dm⁻³ àti cm³. Ní bàyọ́lọ́jì, ẹ yọ òdòdó tí akẹ́kọ̀ọ́ yín kò rí rí kúrò, kí ẹ fi hibiscus tàbí Pride of Barbados tí ó wà lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ to ẹ̀kọ́ náà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí okùn gidi ṣáájú fóònù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì fi ọwọ́ rẹ̀ fi àgádágodo rí yóò wo Pendulum Lab bí eré ọmọdé. Ẹ so òwú náà mọ́ ìṣó tàbí etí tábìlì, kí ẹ fa àgádágodo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, kí ó má ju ìwọ̀n 10° lọ, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ láì tì í. Ẹ wọn àkókò ìfì 20 fún gígùn 100, 90, 80, 70 àti 60 cm. Àlọ àti àbọ̀ ni ìfì kan.

Àṣìṣe méjì ni ẹ óò rí dájúdájú. Èkíní ni kíkà: nígbà tí a bá fi í sílẹ̀ tí a sì tẹ stopwatch, “òdo” ni à ń sọ, ṣùgbọ́n “ọ̀kan” ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń sọ, ìfì 19 ni wọ́n á sì kà. Mítà kan máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ìfì 20. Ẹgbẹ́ tí ó bá mú 38 wá fún yín, bí wọ́n ṣe kà á ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èkejì ni gígùn: láti ibi tí a so okùn mọ́ dé àárín àgádágodo ni à ń wọ̀n, kì í ṣe dé orí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àṣìṣe kejì yìí ni pé gíráàfù máa ń tú u fó. Ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà yóò tọ̀nà, nítorí pé iye kan náà ni ó sọnù nínú gbogbo gígùn, ṣùgbọ́n ìlà náà kò ní gba ibi òdo kọjá. Yóò ré kọjá lókè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàwárí ìdí rẹ̀ fúnra wọn kí ẹ tó sọ ọ́.

Ìgbà tí èyí bá parí ni kí ẹ ṣí Pendulum Lab. Ẹ rí i pé ìfarakínra (Friction) wà ní òdo, kí ẹ mú wọn lọ sí Moon àti Jupiter láti wo bí ìfì ṣe ń falẹ̀ tàbí yára, kí ẹ wá fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú Planet X, níbi tí wọn kò ti sọ iye g fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà kan náà tí wọ́n fi òwú ṣe ni wọn óò fi wá a. Okùn àti àgádágodo kò lè ṣe ìyẹn, òun ni mo ṣe ní fóònù tún wúlò.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ nílé kí ẹ tó gbé e lọ. Àkókò ìfì 20 gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún 100 cm, àti 31 fún 60 cm, ìdagẹ̀rẹ̀ gíráàfù T² sí L sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ 4 s² m⁻¹. Bí tiyín bá jìnnà sí èyí, ti akẹ́kọ̀ọ́ kò ní sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpele 6: Ẹ kọ ojú-ìwé kan fún olùkọ́ tí yóò gbà á

Ojú-ìwé kan ni mo wí, kì í ṣe méjì. Ẹ kọ orí ẹ̀kọ́ àti kíláàsì, gbólóhùn ìpele kìíní, ohun tí a nílò, ìṣẹ́jú tí apá kọ̀ọ̀kan gbà nígbà tí ẹ lò ó, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ lò ó fún, ibi tí wọ́n ti ṣìnà, àti ìlà àṣẹ tí ẹ kọ ní ìpele kẹta. Ẹ kọ ohun tí kò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Bí ẹ bá kọ pé afẹ́fẹ́ fáànù ń gbá òwú náà ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ sì ní láti pa á, ẹ ti gba olùkọ́ kan tí ẹ kò mọ̀ lọ́wọ́ òfò ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ fi ìdáhùn sínú fáìlì ọ̀tọ̀. Ohun tí ó bá wọ ẹgbẹ́ olùkọ́ máa ń dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá fi fọ́tò iṣẹ́ kíláàsì kún un, ọwọ́ àti ohun èlò ni kí ó hàn níbẹ̀. Ẹ má fi ojú ọmọ, orúkọ rẹ̀ tàbí máàkì rẹ̀ síta láìgba àṣẹ òbí àti ilé ìwé.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fún ẹlẹgbẹ́ tí a dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ní ojú-ìwé náà, kí ẹ sì dákẹ́. Gbogbo ìbéèrè tí ó bá bi yín jẹ́ ohun tí ẹ gbàgbé láti kọ.

Ìpele 7: Ẹ pín in

Ẹ fún fáìlì ní orúkọ tí ẹni tí kò ṣí i yóò lóye. “Doc1 new final” kò sọ nǹkan kan; “SS2-Physics-Pendulum-Iwe-Oluko” sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi àmì ohùn sínú orúkọ fáìlì, nítorí pé kọ̀ǹpútà kan lè sọ ọ́ di ìdàrúdàpọ̀. Ẹ pín ìwé náà ní oríṣi méjì: PDF, kí àmì ìṣírò má baà fọ́ká lórí fóònù, àti èyí tí a lè tún kọ, kí ẹlòmíràn lè fi ti kíláàsì rẹ̀ kún un, bí àṣẹ rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Lórí WhatsApp, ẹ fi àwòrán gíráàfù ránṣẹ́ bíi Document, nítorí pé bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp yóò fún un pọ̀, nọ́mbà ara rẹ̀ yóò sì di bàìbàì. Ẹ má sì fi gbogbo fáìlì ránṣẹ́ láìsí ọ̀rọ̀; gbólóhùn méjì tí ó sọ ohun tí ó wà fún àti ibi tí a ti dán an wò ni yóò jẹ́ kí ẹnìkan ṣí i.

WhatsApp máa ń gbé nǹkan mì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kò sẹ́ni tí yóò rí i mọ́ lábẹ́ ìkíni àárọ̀ àti ìkéde ìpàdé. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sí Google Drive, kí ẹ tò ó sí àpò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, kíláàsì àti orí ẹ̀kọ́, kí ẹ sì fún ẹ̀ka STAN (ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Nàìjíríà) tàbí ẹgbẹ́ olùkọ́ agbègbè yín ní línkì rẹ̀. Àṣìṣe tí ó pọ̀ jù lọ wà níhìn-ín: ẹni tí ó pín línkì máa ń rí fáìlì rẹ̀ kedere, nítorí pé òun ló ni ín, àwọn yòókù á sì bá “Request access” pàdé. Ẹ lọ sí Share, ẹ yí i sí “Anyone with the link”, kí ẹ sì fi í sí Viewer. Bí ẹ bá fi í sí Editor, ẹnìkan yóò pa á rẹ́ lọ́jọ́ kan láì mọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ṣí fèrèsé Incognito nínú Chrome, níbi tí ẹ kò ti wọlé sí àkáǹtì kankan, kí ẹ lẹ línkì náà síbẹ̀. Bí àpò náà bá ṣí, ẹ gba fáìlì kan sílẹ̀ láti inú rẹ̀, ẹ pa dátà, kí ẹ sì ṣí i bí ẹ ti ṣe ní ìpele kẹrin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pe ẹnì kan nínú àwọn tí ó gbà á, kí ẹ bi í léèrè iye ìṣẹ́jú-àáyá tí kíláàsì rẹ̀ rí fún mítà kan.